Àmúga Mi àti Abẹ́rẹ́ Yu-ra

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù kẹwàá, 1998. Wonju

Ọ̀gá Pyo pè wá sí yàrá ẹ̀rọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ní ká jókòó. Bí ọkùnrin yẹn bá ti ní kí èèyàn jókòó, ọ̀rọ̀ náà ò dáa nìyẹn. Ó ní bí nǹkan ṣe le lọ́dún yìí, ilé iṣẹ́ wa tó ń ṣe irinṣẹ́ abẹ ò lè tọ́ ọmọ méjì mọ́, ẹyọ kan ló lè tọ́. Nínú àmúga mi àti abẹ́rẹ́ Yu-ra, ọ̀kan ni yóò dé ara aláìsàn, èkejì á wọ àpótí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol, oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ tó ń wá bá wa láti Seoul, ni yóò yàn. Ara ẹlẹ́dẹ̀ alààyè ni yóò ti dán méjèèjì wò, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń pọn àmúga yẹn kiri. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin lórí ìlà kan, iná rédíò láàárín wọn, kí ẹ̀dọ̀ jinná kí ọ̀bẹ tó kàn án, kí ẹ̀jẹ̀ má yọ. Mo ti dúró rí ní yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí wọ́n ń gé ẹ̀dọ̀ obìnrin kan, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń gbé àpò ẹ̀jẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹran tó wà láàárín àwọn abẹ́rẹ́ kì í jinná tán. Ó kù díẹ̀ ni mo máa ń sọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń sọ pé ó kù díẹ̀.

Yu-ra dé láti Japan nínú oṣù kẹta. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ẹyọ kan ni abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ó ní ihò nínú, omi tútù ń lọ ó ń bọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹran má baà jóná mọ́ ọn lára, á sì pa kókó jẹjẹrẹ láti inú wá. Abẹ́rẹ́ náà rẹwà. Mo kórìíra bó ṣe rẹwà tó.

Yu-ra tẹ̀ lé mi jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Mi ò mọ̀ pé báyìí ni wọ́n máa ṣe é."

"Bínú kẹ̀? Kí ló wà níbẹ̀ tí mo máa bínú sí?"

"Ojú yín ti pọ́n ni."

"Òtútù ni."

Òtútù kankan ò mú.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù kẹwàá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá Du-sik, alápatà ọjà, máa ń ní ẹ̀dọ̀ màlúù tuntun, mo sì máa ń rí i pé èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ó dì í fún mi, ó wá dúró, ó fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Màdáámù mi, ta ló ń ṣàìsàn nílé yín gan-an? Ẹ̀dọ̀ tí ẹ ń rà yìí ti pọ̀ ju tẹni tó fẹ́ dín in jẹ lọ."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin náà pé ńṣe ni mo ń fi iná sun ún tí mo ń dà á nù, lọ́dún tí àwọn ọkùnrin tó ń wọ kóòtù lọ síbi iṣẹ́ lésìí ti ń tò fún ọbẹ̀ ọ̀fẹ́? Mo ní ọkọ mi ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó.

"Áà! Ó mà ṣe o! Ọkùnrin dáadáa yẹn!"

Kò rí ọkọ mi rí.

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, Yu-ra ń wo inú àpò mi. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti ń ra tiyín? Tèmi máa ń rọ̀ jù."

"Lọ wo ilé ìtajà ńlá tó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin."

Mi ò parọ́. Wọ́n ń ta ẹ̀dọ̀ níbẹ̀, inú ike ni wọ́n ń dì í sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kọkànlá

Àárín ò jinná. Mo yí iná sókè, ara abẹ́rẹ́ dúdú, ẹran ibẹ̀ gbẹ, iná ò rọ́nà gbà mọ́, ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Mo yí i wálẹ̀, kò ṣe nǹkankan. Ibi tó yẹ kó funfun ṣì pupa yòò.

Fóònù dún, èmi ni mo gbé e. Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol ni. Inú mi dùn títí ó fi la ẹnu.

"Ìyáàfin Bang, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé Yu-ra wà nítòsí?"

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí tí tíì mi fi tutù. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń pani lẹ́rìn-ín? Ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, "Ìyáàfin Bang" ni mo ṣì ń jẹ́. Òun ti di Yu-ra láàárín oṣù mélòó kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kọkànlá

Òjò. Yu-ra ra bàtà tuntun. Ó bá a mu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kọkànlá

Jẹ́ kí n rọra kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Kábéèjì wọ́n lọ́jà, omíyalé oṣù kẹjọ ló fà á, síbẹ̀ kò sí ẹni tí kì í rà. Àsìkò kimchi ti dé, kábéèjì oníyọ̀ àti ata tí a ń pamọ́ jẹ ní ìgbà òtútù, gbogbo ìyá tó wà lọ́jà ti bọwọ́ sínú iyọ̀. Ìyá Du-sik pàápàá ti gbé bàsíà ńlá síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń rẹ kábéèjì fún àwọn ilé oúnjẹ. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí yìnyín nígbà tó fún mi ní ṣéńjì.

Lánàá mo ti sún àwọn abẹ́rẹ́ mọ́ ara wọn, díẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí. Mi ò retí nǹkankan. Mo ki àmúga bọ ẹ̀dọ̀, mo tan iná, mo ń ronú nípa iye tí epo ìgbóná ilé yóò jẹ́ lóṣù yìí. Nígbà tí mo gé e, ó ti jinná! Láti abẹ́rẹ́ kìíní dé ìkẹrin, funfun báláú, kò sí ibi tó pupa. Mo gé òmíràn. Funfun. Mo gé ẹ̀kẹta nítorí pé mi ò gba ara mi gbọ́. Mo jókòó sórí àpótí, mo sunkún díẹ̀.

Kí n tó nu ojú tán, mo ti ń wo ilẹ̀kùn bóyá Yu-ra máa wọlé wá rí i.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kọkànlá

Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò yunifásítì lónìí, òtútù sì dé bó ṣe máa ń dé lọ́jọ́ ìdánwò. A wọlé iṣẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti wọlé tán.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí àmúga jinná dé àárín. Níbi oúnjẹ ọ̀sán mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá Pyo, mo tún sọ ọ́ fún obìnrin tó ń bu ọbẹ̀. Ẹnu ni àparò fi ń pe ọ̀rá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àparò yìí náà sanra lẹ́ẹ̀kan.

"Yu-ra," Ọ̀gá Pyo ní, "wo ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa o. Ohun tí ẹ kì í rí nínú ìwé nìyẹn."

Mo bu kimchi sẹ́nu kí wọ́n má baà rí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Yu-ra sún mọ́ mi lẹ́yìn náà. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí i? Mo dán àmúga yín wò lórí ẹ̀dọ̀ tèmi lánàá, kò rí báyìí rárá."

"O fọwọ́ kan àmúga mi?"

"Ọ̀gá ló ní kí n wò ó."

"Ọwọ́ ló yàtọ̀," mo ní. "Ìyẹn ò sí ní Japan."

Ó tẹ orí ba. Ó ní, "Ẹ kọ́ mi nígbà náà." Mo ní mo máa rò ó.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kọkànlá

Gbogbo ọjọ́ la fi ṣe kimchi nílé ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Nígbà tí mò ń fi ata ra ewé kábéèjì, ọkọ mi wá lọ́ mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Seul-gi, orúkọ ọmọ yẹn, o ti pè é títí láti àárọ̀. Orúkọ tèmi ńkọ́?"

"Ọmọ wo?"

"Yu-ra sọ báyìí, Yu-ra wọ báyìí. Tí kì í bá ṣe pé obìnrin ni, ǹ bá ti lọ dúró dè é níta. Fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, jàre."

"Ẹ̀dọ̀ wo? Mo ti sun gbogbo rẹ̀ tán."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ata fi bọ́ sí i lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kọkànlá

A lọ sí oko ẹlẹ́dẹ̀ ìwádìí lẹ́yìn Chuncheon, fún ìrántí ọdọọdún àwọn ẹran tí a pa lẹ́nu iṣẹ́. Ápù, péà, àkàrà ìrẹsì, àti ànàmọ́ nítorí pé ìyẹn ni wọ́n fẹ́ràn. A da ọtí ìrẹsì sílẹ̀ níwájú òkúta, a wólẹ̀ fún wọn.

Láti ọdún mẹ́rin, èmi ni mo ń ka ọ̀rọ̀ ìdágbére. Lónìí Ọ̀gá Pyo yọ ìwé náà nínú àpò, ó nà án sí Yu-ra lójú mi.

"Ohùn rẹ̀ rọ̀," ó ní, "á tù wọ́n lára."

Tu ta ni lára? Ẹlẹ́dẹ̀ tó ti kú? Èmi ni mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo gé ẹ̀dọ̀ wọn. Ọmọ tó dé lóṣù kẹta, ẹlẹ́dẹ̀ mélòó ló ti bá ṣeré?

Ó kà á. Ó dúró níbi tó yẹ kó dúró. Nígbà tó dé ibi tó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kò yàn láti ràn wá lọ́wọ́," bàbá tó ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ bú sẹ́kún. Ní ọdún mẹ́rin tí mo fi kà á, ẹsẹ̀ ni bàbá yẹn máa ń jan mọ́lẹ̀ nítorí òtútù.

Èmi náà sunkún. Àwọn èèyàn rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni mo ń ṣàánú.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kejìlá

Mi ò fẹ́ kọ ọ́. Mo máa kọ ọ́.

Wọ́n ti fi oògùn kun ẹlẹ́dẹ̀ lórun, wọ́n ti la inú rẹ̀. Yu-ra ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, omi ń ṣàn, nígbà tí wọ́n gé ibẹ̀ wò, ibi tó jinná rí roboto bí ẹyin adìẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol ní, "Ó mọ́." Ọkùnrin yẹn kì í yin nǹkan.

Ó kan èmi. Mo ki àmúga bọ̀ ọ́. Kí n tó tan iná ni mo ti rí i pé nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ. Aago tó ń sọ bí ẹran ṣe ń dènà iná tó ti fò sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí mo ti mọ̀ mọ́ ọn láti oṣù tó kọjá. Mo ní bóyá nítorí pé alààyè ni. Mo tan iná. Ara abẹ́rẹ́ dúdú, ẹ̀rọ pa ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti mú ọ̀bẹ, ó gé e ní ojú ibi tí mo ní kí ó gé. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Wọ́n ń ki aṣọ bọ̀ ọ́, aṣọ ń pọ́n, wọ́n ń ki òmíràn. Mo dúró níbẹ̀ tèmi ti ọwọ́ méjèèjì.

Nígbà tí a jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

"Ìyáàfin Bang," Ọ̀gá Pyo ní, "ẹ rọra."

"Ẹni tó ti fọwọ́ kàn án rí ni mò ń bá wí. Ó mọ ara rẹ̀."

Yu-ra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kan náà la jọ lò. Kò sẹ́ni tó yí i padà."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ lo dáhùn?"

"Nítorí pé èmi lẹ ń wò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó ní òun ń padà bọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún láti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ Yu-ra. "Bí ẹ bá ní nǹkan mìíràn, Ìyáàfin Bang, ẹ mú un wá lọ́jọ́ náà." Ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kejìlá

Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo ní inú ń run mí. Òótọ́ sì ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kejìlá

Yìnyín àkọ́kọ́ já. Mo ti sùn díẹ̀, mo ti ro ó síwá sẹ́yìn: bí kò bá jẹ́ ẹ̀rọ, a jẹ́ pé ẹran ni. Mo jí lọ sọ́jà kí Ìyá Du-sik tó pàtẹ. Ó ti ká apá aṣọ sókè, ó ki ọwọ́ bọ inú bàsíà kábéèjì, ó fa nǹkan pupa kan jáde láàárín ewé, omi iyọ̀ ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ìyá Du-sik! Kí nìyẹn?"

"Kí ni kẹ̀? Tiyín ni. Láti alẹ́ àná ló ti wà níbẹ̀."

"Nínú omi iyọ̀?"

"Kí ẹ̀jẹ̀ burúkú lè jáde. Aláìsàn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ̀dọ̀ tó ń rùn. Látìgbà tí mo ti ń rẹ kábéèjì ni mo ti ń bá yín rì í sí i, iyọ̀ kúkú ti wà ńlẹ̀."

"Ṣé gbogbo oníbàárà lẹ ń ṣe é fún?"

"Ṣé mo ya wèrè ni? Ẹ̀yin nìkan ni. Ara ọkọ yín ò ti ń yá?"

Mo ní ó ń yá.

"Mo mọ̀! Iyọ̀ yẹn ni! Mo sì ti sọ fún àbúrò yín bẹ́ẹ̀."

"Àbúrò mi wo?"

"Ọmọbìnrin gíga yẹn, tí bàtà rẹ̀ dáa. Ó wá síbí lóṣù tó kọjá, ó ní kí n fún òun ní irú èyí tí ẹ̀gbọ́n òun ń rà. Mo ní kò sí, ti aláìsàn ni. Mo wá bi í pé báwo ni ara ọkọ yín."

"Kí ló wí?"

"Ó kọ́kọ́ wò mí. Ó wá ní ara rẹ̀ ti ń mókun díẹ̀díẹ̀, kí n jọ̀ọ́ kí n máa tọ́jú yín lọ."

Yu-ra mọ ọkọ mi. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí ọkùnrin yẹn gbé àpò ìrẹsì méjì gun òkè ilé wa láìmí. Ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, ó sì bá mi pa á dé ìparí. Inú bí mi sí i. Ta ló ní kó tẹ̀ lé mi wá sọ́jà? Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bò mí láṣìírí?

Mo ra èyí tó ti mu iyọ̀, mo ra èyí tí kò tíì kan omi. Àmúga kan náà, iná kan náà. Èyí tó mu iyọ̀ jinná dé àárín. Ìkejì pupa yòò. Mo dá àwọn abẹ́rẹ́ padà sí bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí n tó sún wọn, mo tún dán méjèèjì wò, bákan náà ló rí. Gbogbo ohun tí mo fi ń yangàn láti oṣù tó kọjá, omi kábéèjì ni. Ká ní mo sọ fún ọmọ yẹn níbi tí mo ti ń ra ẹ̀dọ̀, àwa méjèèjì ì bá jọ ra ẹran lọ́wọ́ obìnrin kan náà, à bá sì ti rí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo rù ú délé lónìí, nínú yìnyín.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kejìlá

Èrò kan ò jẹ́ kí n jókòó. Bí iyọ̀ tó wà nínú ẹran bá lè mú iná dé àárín, kí ló dé tí a ò lè fún ẹran ní iyọ̀ lójú abẹ? Díẹ̀díẹ̀, láti ara abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, bí iná ṣe ń lọ. Ilé ìwòsàn kúkú ń fún aláìsàn ní omi iyọ̀ sínú iṣan lójoojúmọ́.

Mo fi síríńjì kán omi iyọ̀ sẹ́bàá abẹ́rẹ́ kan, mo fi ìyókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ yẹn jinná. Ẹ̀gbẹ́ yòókù dúdú.

Àmúga mi kò ní ihò nínú. Irin dídì ni abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú omi gba inú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín báyẹn nílé iṣẹ́ wa, òun náà ló ní páìpù, òun ló ní ẹ̀rọ tó ń fa omi.

Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Mo ní kó fi òwe rẹ̀ jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kejìlá

Mo gbìyànjú láti lu ihò náà fúnra mi. Mo ba abẹ́rẹ́ méjì jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kejìlá

Mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. Láti ọjọ́ ẹlẹ́dẹ̀ a kì í kí ara wa ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Mo gbé àmúga sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: Ìyá Du-sik, bàsíà, kábéèjì. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ńṣe ló fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! A fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi kimchi ṣiṣẹ́ abẹ!"

"Kì í ṣe omi kimchi. Omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ́ ni."

Ìyẹn tún pa á lẹ́rìn-ín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣì í sọ."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe?"

Mo sọ fún un. Ihò nínú abẹ́rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ojú ihò wẹ́wẹ́ lára wọn, kí omi iyọ̀ máa yọ jáde. Ó wo àmúga, ó wo abẹ́rẹ́ tirẹ̀ tó wà nínú ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ tó gbọ́n ni, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Bí èyí bá ṣiṣẹ́, ó mọ èwo ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol máa yàn, ó sì mọ èwo ló máa wọ àpótí. Mo rí i lójú rẹ̀ nígbà tó ro ó dé òpin. Mo dúró. Mi ò ràn án lọ́wọ́.

Ó fa àmúga mọ́ra.

"Ihò mélòó lẹ fẹ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kejìlá

Ó ti lù wọ́n tán. Iṣẹ́ tí mo fi odindi ọjọ́ kan bà jẹ́, ó jókòó, ó ṣe é, ó ń kọrin abẹ́ ẹnu. Àwọn ọwọ́ yẹn! Mo wò wọ́n títí. Mo ní kí n lọ wá tíì mu.

A fi ẹ̀dọ̀ inú ike, láti ilé ìtajà ẹ̀bá ibùdó ọkọ̀ ojú irin, dán an wò. Funfun, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Wọ́n ń ta ẹ̀dọ̀ tó dáa níbẹ̀, àbí, Ẹ̀gbọ́n?" Ó wò mí.

Mo dá a lóhùn pé mo gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kejìlá

Òtútù mú débi pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ò ṣí, omi gbígbóná la dà sí i.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Mo ní kó dúró díẹ̀. Mo ki àmúga bọ ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ alààyè. Yu-ra dúró lápá òsì mi, ó ń bá mi ṣọ́ omi. Aago wálẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, ó ń funfun díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́rẹ́ kan bọ́ sí èkejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú ọ̀bẹ. Ó gé e já, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹni ya búrẹ́dì. Ó dúró, ó ń retí ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa ń retí rẹ̀. Ó gbé aṣọ funfun lé ojú ibi tó gé, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e wò. Aṣọ náà funfun.

"Obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù mi," ó ní, kò wo ẹnikẹ́ni, "mo ti ń bẹ̀rù àtigé tirẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án." Ó ká ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tì í bọ àpò. "Èyí ni mo fẹ́. Èrò ta ni omi iyọ̀ yìí?"

Mo ti ya ẹnu. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ya ẹnu yẹn sílẹ̀. Mò ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ "tèmi" tí kò fi ní dà bí ìwọra.

"Ti Ẹ̀gbọ́n Bang ni," Yu-ra ní. "Èmi kàn lu ihò ni."

Báyẹn ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni ní kí wọ́n na iyọ̀ sí òun. Ọ̀gá Pyo pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Seol di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí mo yíjú padà, Yu-ra ti wà nídìí omi, ó ń fọ abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ó nu ún gbẹ, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí, ó pa àpótí dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o," ó ní. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ó tọkàn rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 oṣù kejìlá

Mo borí. Ọkọ mi ra ẹran sísun fún wa, Seul-gi jẹ ìdajì. Gbogbo èèyàn ní ilé iṣẹ́ ló kí mi. Mo rò pé bí mo bá borí, owú yìí á fi mí sílẹ̀. Kò lọ. Ńṣe ló tún ibòmíràn jókòó sí.

Mo ti ń gbé ìbéèrè kan kiri láti àárọ̀: ká ní òun ló gbé irin rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, lẹ́yìn tó ti pè mí ní ọ̀bàyéjẹ́ lójú gbogbo ayé bí mo ti ṣe fún un, tí mo sì mọ̀ pé tèmi ló máa wọ àpótí? Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. N kì bá tí lu ihò kan ṣoṣo.